Ẹ̀yin Mélòó Ló Ń Bọ̀?

Ó ku ọ̀la kí Delfina kó tọkọtọmọ kúrò ní ìlú kékeré kan létí òkun ní ìpínlẹ̀ Antique, lórílẹ̀-èdè Philippines, kí wọ́n forí lé Iloilo, níbi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, nọ́ọ̀sì ni, láti ìgbà tó ti dágbére nílé ìwòsàn dé ló sì ti ń fi okùn di ẹrù. Ọkọ rẹ̀ Restituto, onígbàjámọ̀ ìlú náà, jókòó sórí àga ìfárí rẹ̀ láàárín àwọn páálí bí ọba tí wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Jovelyn, ọmọ wọn obìnrin, ti lọ dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Páálí tí wọ́n kọ ÀWO sí lára ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ilé.

"Bàbá Jovelyn."

"Ìyá Jovelyn."

"Kí ló wà nínú páálí yìí?"

"Ṣé o ò rí i lára rẹ̀ ni? Àwo."

"Àwo ló ń ké kúọ̀kúọ̀ yẹn?"

Restituto tẹ́tí sí i bí ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. "Ó lè jẹ́ pé ara ń ni wọ́n. Mo sọ fún ẹ pé o tò wọ́n há jù."

"Bàbá Jovelyn, àwo kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọn ìyẹ́ báyìí."

"Èyí tó ní òdòdó lára nìyẹn."

Delfina já okùn páálí náà. Adìyẹ pupa kan yọrí jáde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé kò sí nǹkan gidi níta, ó tún padà jókòó. Wọ́n so òwú búlúù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

"Ta ló ni adìyẹ?"

"Tiwa ni."

"Lánàá, a ò ní adìyẹ."

"Àná ti lọ, Ìyá Jovelyn. Ìlú tuntun là ń lọ, má jẹ́ ká máa ronú àná."

"Àwo mi dà?"

"Ó wà nínú páálí ìwé."

"Ìwé wá ńkọ́?"

"Ìwé wà lọ́dọ̀ ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ wo?"

Restituto fọwọ́ pa ẹnu ara rẹ̀. "Mo ti ṣi ẹnu sọ."

Delfina kọjú sí ojú fèrèsé, ó wo abẹ́ ilé wọn tó dúró lórí òpó. Ewúrẹ́ funfun kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n so ó mọ́ òpó, ìwé ẹ̀yà ara èèyàn tí Delfina rà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti jáde sì wà níwájú rẹ̀, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Ó ń jẹ ìwé mi!"

"Kò jẹ ẹ́. Ó kàn ń tọ́ ọ wò ni. Ó ti parí ẹ̀dọ̀ láàárọ̀, ó ti wọ kíndìnrín báyìí."

"Restituto!"

Bí Delfina bá ti pe orúkọ ọkọ rẹ̀ gán-ún bẹ́ẹ̀, láìfi ti ọmọ sí i, ọkùnrin náà mọ̀ pé eré ti parí nìyẹn. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó lọ gba ìwé lẹ́nu ewúrẹ́, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó sì padà wá dúró níwájú ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́.

"Manong Porong ló gbé adìyẹ tó wà nínú páálí wá. Ó ní ipá ló ń da òun láàmú."

"Ipá kẹ̀? Manong Porong, bàbá arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bí igi ìdáná? Ipá wo ló ní?"

"Kì í ṣe ipá. Ìpá."

"Ìpá wo?"

Restituto fọwọ́ tọ́ka sísàlẹ̀, ó sì gbójú sókè bí ọmọlúwàbí.

"Áà. Ìpá. Kí ló wá kan adìyẹ níbẹ̀?"

"Ó fi gba àyè sílẹ̀ ni. Ó fẹ́ kó jẹ́ òun gan-an ni wàá kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún."

"Mi ò tíì wọ kíláàsì! Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ní, 'Manong, ẹ ní sùúrù, ọdún márùn-ún péré ni.' Ó ní kò burú, òun á dì í mú."

"Á di kí ni mú?"

"Mi ò bi í."

Ohun kan tún ké nínú àpò ìrọ̀rí. Delfina wo àpò náà. Restituto wo òrùlé.

"Mélòó ni gbogbo wọn?"

"Mọ́kànlá. Abẹ́ ilé ìyá àgbà ẹ̀gbẹ́ wa, Lola Sepa, ni wọ́n ti ń sùn, àárọ̀ yìí tó o lọ dágbére nílé ìwòsàn ni mo kó wọn wálé. Má fòyà, gbogbo wọn ló wà létòlétò. Òwú búlúù, ìsàlẹ̀. Òwú pupa, orí fífọ́. Òwú àwọ̀ ewé, inú rírun."

"Ewúrẹ́ ńkọ́? Kò ní òwú."

"Ti tíṣà àgbà ni. Ó ní ọ̀rọ̀ tòun wúwo ju adìyẹ lọ. Mo bi í pé kí ló ń ṣe é, kò dáhùn, ó kàn ń sunkún lórí àga. Ó le láti fá irùngbọ̀n ẹni tó ń sunkún, Ìyá Jovelyn. Ọṣẹ ò dúró."

Delfina fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kan pátákó kan tí wọ́n fi aṣọ ìbora wé lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó fa aṣọ kúrò. Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ tán. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: ORÍ LÓDE, RESTITUTO. ORÍ NÍNÚ, DÓKÍTÀ DELFINA.

"Kí ni eléyìí?"

"Pátákó wa ni. Bí wọ́n bá ti ń dìde lórí àga tèmi ni wọ́n á máa jókòó sórí tìẹ."

"Mi ò sọ pé orí ni mo fẹ́ máa tọ́jú."

"Kò sí àyè tí mo fẹ́ kọ ìfun sí."

Delfina jókòó sórí páálí ìwé. Àwo dún wángan-wàngàn nínú rẹ̀, ó sáré dìde.

"Bàbá Jovelyn, kí lo sọ fún àwọn èèyàn wọ̀nyí gan-an?"

"Òótọ́ ni mo sọ. Lola Sepa ni mo tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún, torí ilé wa ló sún mọ́ jù. Mo ní, 'Màmá, ìyàwó mi ń lọ sí Iloilo nítorí òògùn.' Ó ní, 'Ogún? Ta ló kú?'"

"O mọ̀ pé etí Lola Sepa ò gbọ́ dáadáa."

"Ìdí tí mo fi tún un sọ nìyẹn. Mo pariwo sí i létí, 'Òògùn, Màmá! Òògùn!' Ó ní, 'Òógùn kẹ̀? Ooru tó ń mú gbogbo wa náà ni. Kó lọ wẹ̀.'"

"O ò wá dákẹ́."

"Mo fẹ́ dákẹ́, ṣùgbọ́n ó wá dà bíi pé ó ti yé e. Ó di ọwọ́ mi mú, omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó ní, 'Ogun! Abiyamọ lásán-làsàn! Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọta bà á.' Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń tan àbẹ́là fún ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ìdí tí fádà fi gbé ọwọ́ lé mi lórí lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn!"

"Lola Sepa tún bi mí bóyá wọ́n ti fún ẹ ní ìbọn."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lò. Ó ní irú ìjà wo nìyẹn."

Ẹ̀rín fẹ́ já Delfina gbà, ó gbé e mì. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí ọkùnrin yìí ò tíì bàjẹ́, ilé tí wọ́n ń kó lọ sí. Yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, nítòsí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Delfina wọ ọkọ̀ lọ sí Iloilo kó tó rí i, torí pé gbogbo onílé tó bá ti gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ ló máa ń ní yàrá òun ti tán.

"Ṣé o pe Manang Kording, onílé wa, bí mo ṣe ní kó o pè é?"

Ojú Restituto mọ́lẹ̀ yòò. "Ìyẹn gan-an ni kó o bi mí! Mo pè é lánàá. Mo sì bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó lajú."

"Kí ló sọ?"

"Ó kí mi dáadáa. Fóònù ń já o, ó ń ṣe ṣáà-ṣáà bí ẹni ń dín ẹja nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fọkàn sí i. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, 'Ẹyin mélòó ló ń bọ̀?'"

"Ìwọ wá ní mẹ́ta."

"Mẹ́ta báwo? Mo ní ọgbọ̀n."

Delfina rọra fi okùn sílẹ̀.

"Ọgbọ̀n kí ni?"

"Ọgbọ̀n ẹyin. Ó yà mí lẹ́nu, mi ò purọ́. Mo ní báwo ni obìnrin yìí ṣe jókòó sí Iloilo tó sì mọ̀ pé àwọn adìyẹ wa ti ń yé? Ṣùgbọ́n mo ní kí n má ṣe bí ará oko. Mo ní, 'Ọgbọ̀n gééré, mà.' Ó ní, 'Ọgbọ̀n! Nínú yàrá méjì?' Mo ní, 'Ẹ má da ara yín láàmú, mà. Apẹ̀rẹ̀ kan gbà wọ́n.'"

"Apẹ̀rẹ̀ kan."

"Ó ní, 'Ṣé àlàáfíà ni gbogbo wọn wà?' Mo ní, 'Àlàáfíà ni, mà. Àwọn méjì kan ló sán lórí, ṣùgbọ́n a máa jẹ ìyẹn lọ́nà kí wọ́n tó bàjẹ́.'"

Delfina fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Ó ní, 'Jésù Màríà!' Mo mọ̀ pé onígbàgbọ́ ni. Ó wá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe máa sùn. Mo ní, 'Inú koríko ni, mà. A máa tò wọ́n lé ara wọn lórí, orí nísàlẹ̀, ìdí lókè, kí wọ́n má baà máa yí kiri.'"

"Restituto, dákẹ́."

"Ibi tó dùn níbẹ̀ ni mo dé yìí. Ó ní, 'Ṣé ọmọdé wà nínú wọn?' Mo ní, 'Kò tíì sí, mà, ṣùgbọ́n tí a bá fi nǹkan gbóná bò wọ́n, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ilé yín á kún.'"

"Kí ló wá sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan mọ́. Fóònù já. Mo rò pé káàdì mi ló tán."

Delfina bọ́ sídìí àpò rẹ̀, ó fa fóònù yọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti wà lórí rẹ̀ láti àárọ̀ tí kò rójú yẹ̀ wò. Ó kà á sókè, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń kà á:

"'Nọ́ọ̀sì Delfina, èèyàn jẹ́jẹ́ ni mo pè yín. Ilé mi kì í ṣe bárékè. Ẹlòmíràn ń bọ̀ wá wo yàrá náà nírọ̀lẹ́ òní, ẹ kó èrò yín lọ síbòmíràn. Mo ń gbàdúrà fún àwọn méjì tí orí wọn sán. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ wọ́n.'"

Ewúrẹ́ ké lẹ́ẹ̀kan nísàlẹ̀.

"Ẹ̀yin," ni Delfina wí. "Ẹ̀yin mélòó ló ń bọ̀. Ìwọ, èmi, Jovelyn. Kì í ṣe ẹyin. Ẹ̀yin!"

Restituto ń rò ó. Èèyàn lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń wọlé sí i lójú, díẹ̀díẹ̀.

"Áà," ló wí.

"Ẹn-ẹ́n."

"Á jẹ́ pé àwa ni mo ní ká jẹ lọ́nà."

Ó ń retí igbe. Ó tiẹ̀ ti fọwọ́ di àga mú. Ṣùgbọ́n Delfina ò kígbe. Ó lọ jókòó sórí àga ìfárí, ó gbé orí lé ẹ̀yìn àga náà, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba ẹrù lórí rẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí.

"Kí ló dáa?"

"Kò sílé mọ́. A ò lọ mọ́ nìyẹn. Tú àwọn páálí yẹn."

"Fina."

"Tú wọn, mo ní. Mi ò ní í fi bò ẹ́ mọ́. Lẹ́tà tí mo fún ẹ pé kó o fi ránṣẹ́ sílé ẹ̀kọ́ náà l'Ọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí mo ní ìwé àyẹ̀wò ara ni. Irọ́ ni. Mo kọ̀wé sí wọn pé mi ò wá mọ́, kí wọ́n fi àyè mi fún ẹlòmíràn."

Restituto bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná họ ọ̀dà tó wà lára pátákó.

"Mo mọ̀," ló wí.

Delfina gbórí kúrò lẹ́yìn àga. "O mọ̀ kí ni?"

"Mo gbé lẹ́tà yẹn kọjá lórí ìkòkò ìrẹsì tó ń hó, ó bá ṣí fúnra rẹ̀."

"Fúnra rẹ̀?"

"Mo gbé e kọjá bí ẹ̀ẹ̀mẹrin."

"O ṣí lẹ́tà mi!"

"O purọ́ fún mi!"

"Lẹ́tà mi ni!"

"Irọ́ ẹ náà ni!"

Wọ́n ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbójú kúrò.

"Níbo ló wà báyìí?" ni Delfina bi í.

"Mo ti fi nu abẹ. Irùngbọ̀n tíṣà àgbà wà lára rẹ̀."

Delfina ti lo ọdún mẹ́tàlá níwájú àwọn aláìsàn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń wá ìdí ọ̀rọ̀. Ó dín ojú kù.

"Ọjọ́ wo lo ka lẹ́tà náà?"

"Ọjọ́rú."

"Ọjọ́ wo ni Manong Porong gbé adìyẹ wá?"

"Ọjọ́bọ̀. Ojúmọ́ ò tíì mọ́ tán."

"Àwọn yòókù?"

"Ọjọ́bọ̀ kan náà. Àwọn kan Ẹtì."

"Bàbá Jovelyn, ṣé Manong Porong ní ìpá?"

Restituto tún wo òrùlé. "Ara Manong Porong le ju tèmi lọ."

"Ta lo sọ ọ̀rọ̀ mi fún?"

"Ẹnì kan ṣoṣo, mo búra. Manong Porong. Mo sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tẹnu rẹ̀ jáde. Abẹ wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí mo ń sọ ọ́."

"Síbẹ̀ ńkọ́?"

"Kí n tó gbọn irun kúrò lára aṣọ, Lola Sepa ti gbọ́."

"Lola Sepa tí kò gbọ́ràn?"

"Ìyẹn ló gbọ́ dáadáa. Òun ló tiẹ̀ dábàá adìyẹ. Ó ní ẹni tó ń sá fún ogun, kí wọ́n kó oúnjẹ fún un, á padà."

Delfina bú sẹ́rìn-ín láìrò tẹ́lẹ̀. Ó fi etí aṣọ nu ojú.

"Ẹ kóra jọ, gbogbo ìlú, ẹ ń parọ́ àìsàn fún mi."

"A rò ó pé ojú á tì ẹ́ láti padà sẹ́yìn. O lè kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́, Fina. Ṣé o lè kọ lẹ́tà sí ewúrẹ́?"

"Tíṣà àgbà náà parọ́?"

Restituto mú ọwọ́ kúrò lára pátákó. "Rárá. Ìyẹn ò parọ́."

Delfina ò ní kó ṣàlàyé. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni dókítà máa ń wá sí ìlú wọn, kó sì tó di ìrọ̀lẹ́, á ti lọ. Ọjọ́ Ẹtì ni ìyàwó tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, lọ́dún tó kọjá. Delfina ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì mọ̀ ló ṣe, títí ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí ìlú ńlá fi dé, kò sì tó; obìnrin náà kú. Láàárín oṣù kan náà ni Delfina lọ gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

"Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun ò dá ẹ lẹ́bi," ni Restituto wí. "Mo ní kó wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní òun ò lè sọ ọ́ láìsunkún. Ó ní ewúrẹ́ á sọ ọ́."

Delfina ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ọmọ ọdún méjìlélógún ni àwọn tí mo máa bá jókòó, Tuto. Mo rí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n pè wá. Ọ̀kan nínú wọn dìde fún mi, ó rò pé olùkọ́ ni mí. Ìgbà tí mo bá fi máa jáde, mo ti lé lógójì."

"Manong Porong á ti pé ọgọ́rin, ìyẹn ò sì janpata."

"Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kìíní ni wọ́n máa gbé òkú síwájú wa."

"Òkú ń bà ẹ́ lẹ́rù? Mo ti fá irùngbọ̀n òkú mẹ́ta. Kò sí oníbàárà tó dà bíi wọn. Wọn kì í mira, wọn kì í ṣàròyé, wọn kì í sọ pé apá òsì gùn ju ọ̀tún lọ."

"Ìwọ ńkọ́? Ta ló mọ̀ ẹ́ ní Iloilo? Ilé ìfárí onígíláàsì ló kún ibẹ̀, tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù."

"Ṣé irun ń hù lórí wọn níbẹ̀?"

"Ó ń hù."

"Ó parí nìyẹn."

Delfina wò ó. Ọkùnrin náà dúró láàárín páálí, ọ̀dà wà ní imú rẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ wà létí rẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba òun náà, ó hàn lójú rẹ̀ kedere.

"Ilé yẹn ńkọ́?" ni Delfina bi í. "Ṣé ìyẹn náà wà lára ọgbọ́n tẹ́ ẹ dá?"

"Rárá o," ni Restituto wí, ó korí kọ́. "Ìyẹn, ẹyin ni mo gbọ́ lóòótọ́."

Delfina gbé fóònù sétí. "Jókòó síbẹ̀ yẹn. Má sọ̀rọ̀ kankan. Pàápàá, má sọ ọ̀rọ̀ kankan tó ní ẹ nínú."

Restituto fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ káàsán o, Manang Kording. Delfina ni, mà... Rárá, mà, a ò tíì jẹ ẹnikẹ́ni... Ẹyin ni, mà. Ẹyin adìyẹ... Kì í ṣe àwa, adìyẹ ni... Ọkọ mi ló gbọ́ ẹyin, ẹ̀yin sì ń sọ ẹ̀yin... Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é... Rárá, mà, kì í ṣe òun ló fẹ́ di dókítà. Èmi ni... Ẹ ṣeun, mà. Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ẹ̀rín bú jáde nínú fóònù débi pé adìyẹ tó wà nínú páálí dìde dúró. Delfina ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ó ń mi orí.

"Kí ló ń sọ?" ni Restituto fi ẹnu nìkan béèrè.

Delfina fọwọ́ bo fóònù. "Ẹni tó fẹ́ wo yàrá ò tíì dé. Ó ní òun á sọ fún un pé ó ti tán. Ó tún ní ẹ̀yìn ń dun òun, bóyá mo lè bá òun wò ó."

"Ẹyin?"

"Ẹ̀yìn! Ìdí tí mo fi ní kó o dákẹ́ nìyẹn."

"Sọ fún un pé ọdún márùn-ún ni."

Delfina yí ẹ̀yìn sí i. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Mo ń gbọ́ yín... Mẹ́ta, mà. Mẹ́ta péré. Èmi, ọkọ mi, àti ọmọ mi obìnrin... Mo gbọ́, mà. Ẹ ò ní í rí ẹnì kẹrin. Mo fi Ọlọ́run búra, mà, mẹ́ta. Ó dàárọ̀ o."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó mí. Ó wo yàrá náà yíká, àwọn páálí, pátákó, adìyẹ, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ó ní bí òun bá fi rí ẹnì kẹrin lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òun, ọ̀nà Antique ò dí. Dìde níbẹ̀ yẹn, Bàbá Jovelyn. Ewúrẹ́ ń padà sọ́dọ̀ tíṣà, kó máa mú wàrà rẹ̀, sọ fún un pé mo ti gbọ́ ohun tí ewúrẹ́ sọ. Adìyẹ méjì péré ló ń bá wa lọ. Àwo padà sínú páálí àwo, ìwé padà sínú páálí ìwé. Aago mẹ́rin ìdájí ni ọkọ̀ ń bọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà."

Delfina rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ ojú fèrèsé láti gbọn aṣọ ìbora. Ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.

"Ìyá tó bí ẹ ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yìí o. Kí ni wọ́n rù sórí?"

Restituto ti bẹ̀rẹ̀ sí í di páálí, ó ń dì í kíákíá. "Ẹní ni, àbí?"

"Èyí tó wà lápá wọn ńkọ́?"

"Ìrọ̀rí ni."

"Wọ́n sì gbé àpótí ìjókòó wọn dání. Wọ́n fẹ́ kó o bá wọn tọ́jú ẹ̀ ká tó lọ ni?"

Restituto so kókó kan, ó so òmíràn lé e, ó tún so ẹ̀kẹta.

"Bàbá Jovelyn, létí ẹ báyìí ni mo ṣe fi Ọlọ́run búra fún obìnrin yẹn pé mẹ́ta."

"Mo gbọ́, mẹ́ta náà sì ni. Màmá ò ní í bá wa gbé rárá. Wọ́n kàn fẹ́ bá wa débẹ̀, kí wọ́n bẹ̀ wá wò."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Wọn ò ní í pẹ́. Tó o bá ti di dókítà báyìí, wọ́n ń padà."